Kí Ẹ Tó Gbé Wáìnì Tiyín Wọ Ilé Oúnjẹ n'Íbàdàn

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe agbáwo n'Íbàdàn, ní ilé oúnjẹ kan ní Bódìjà, lẹ́yìn náà ní òmíràn lápá Ring Road. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n máa ń rán mi níbẹ̀, kò sí èyí tí mo kórìíra tó kí mánéjà fà mí sí kọ̀rọ̀ kó ní, "Lọ sọ fún bàbá tó wà ní tábìlì keje pé a máa gba owó lórí ìgò tó gbé wá yẹn." Bàbá ti jókòó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti yí i ká, wọ́n ń ya fọ́tò. Èmi ọmọdé ni mo máa lọ sọ fún àgbàlagbà, níwájú àwọn àna rẹ̀, pé ọtí tó fi owó ara rẹ̀ rà, yóò tún san owó lé e lórí kó tó mu ún.

Mo lọ. Mo tẹríba, mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Bàbá wojú mi títí, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ bá mi rà á ni?" Gbogbo tábìlì dákẹ́. Ọjọ́ ìbí ìyàwó rẹ̀ ni o. Wọ́n san owó náà, ṣùgbọ́n títí wọ́n fi dìde, ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo ti kúrò nídìí àwo báyìí. Ohun mímu ni mo ń bá àwọn ènìyàn ṣètò fún ìnáwó, mo sì ti rí ọ̀rọ̀ yìí láti iwájú àti láti ẹ̀yìn. Bàbá yẹn ò jẹ̀bi, mánéjà náà ò sì jalè. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé inú ayẹyẹ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dárúkọ owó náà. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ lórí fóònù ní ọjọ́ Wẹsidé, ì bá má sí ìjà ní Sátidé.

Kọ́kéèjì ni orúkọ owó náà, láti ara kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi ń dí ẹnu ìgò wáìnì. Òun ni ilé oúnjẹ máa ń gbà bí ẹ bá gbé ìgò tiyín wá, kí wọ́n lè bá yín ṣí i, kí wọ́n sì bá yín bù ú. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ náà tàn yín jẹ. Ìgò tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ onírin, tí ẹ kàn ń yí, tí kò ní kọ́ọ̀kì kankan, wọ́n á gba kọ́kéèjì lórí rẹ̀. Wáìnì tí kò ní ọtí nínú, irú èyí tí àwọn ìyá ìjọ àti àwọn alhájà wa máa ń gbé lọ sí òde, wọ́n á gbà á lórí ìyẹn náà. Ìgò ńlá tó gba lítà kan àbọ̀, ìgò méjì làwọn mìíràn ń kà á sí. Nítorí náà, ẹ má rò pé torí pé kì í ṣe ọtí líle lẹ gbé dání, ẹ ti bọ́.

Kí ni owó náà ń rà fún yín? Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n láti inú kíṣìnnì. Ife wáìnì ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kì í pẹ́ láyé. Bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ kánkán, ọrùn rẹ̀ a kán. Bí ọmọdé bá fa aṣọ tábìlì, ó tán. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ ló ń mú fíríìjì tí wáìnì yín wà nínú rẹ̀ tutù, dísẹ́ẹ̀lì sì ni jẹnẹrétọ̀ ń mu. Ẹnì kan ló máa ṣí ìgò, tí yóò máa wo ife tó bá ti gbẹ, ẹnì kan ló sì máa fọ gbogbo ife yẹn ní aago mọ́kànlá òru, lẹ́yìn tí ẹ bá ti délé. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀fẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ gbé ọtí wá.

Ṣùgbọ́n ìdí tó tóbi jù, àwọn mánéjà kì í fẹ́ sọ ọ́ síta. Oúnjẹ ni wọ́n fi ń pe oníbàárà, ohun mímu ni wọ́n fi ń san owó ilé. Èrè orí àwo ìrẹsì àti ẹran kò tó nǹkan, nítorí ẹran wọ́n, gáàsì wọ́n, ọ̀pọ̀ oúnjẹ sì ń bàjẹ́ kí wọ́n tó rí i tà. Wáìnì kì í bàjẹ́ lórí pẹpẹ bẹ́ẹ̀. Iye tí wọ́n ń tà á máa ń tó ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta iye tí ẹ máa rí i rà ní ṣọ́ọ̀bù. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá wá jókòó sí tábìlì yín fún wákàtí mẹ́ta, tí wọn ò ra ìgò kan, èrè ọjọ́ yẹn ti lọ. Kọ́kéèjì ni wọ́n fi ń dí ihò náà.

Ẹ wò ó láti ibi tó tún mọ́ wa lára jù. Bí ẹ bá ra sùyà lójú títì tí ẹ gbé e wọ ilé ọtí, ta ni yóò bi yín léèrè owó? Ẹlẹ́mu gan-an á tún fẹ̀rín pàdé yín, torí pé ata sùyà máa mú kí ẹ mu sí i. Ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ lẹ gbé wọlé, ṣùgbọ́n ó ń bá a ta ọjà. Ní bùkà tí ẹ ti ń jẹ àmàlà, gbẹ̀gìrì àti ewédú náà, ẹ lè rán ọmọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ kó lọ ra ohun mímu wá. Ìyá olóúnjẹ ò ní wẹ̀yìn, torí orí àmàlà ni owó tirẹ̀ wà. Ibi tí ẹ bá ti gbé ohun tó ń bá ọjà wọn jà wọlé, ibẹ̀ ni owó ti ń bẹ̀rẹ̀.

Láwọn ibòmíràn láyé, òfin ló ń yí i padà. Ní Philadelphia l'Amẹ́ríkà, ìjọba ìpínlẹ̀ Pennsylvania fi òǹkà sí ìwé àṣẹ ọtí títà, ìwé náà sì wọ́n gan-an. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ kéékèèké níbẹ̀ kì í ta ọtí rárá, wọ́n á ní kí ẹ gbé tiyín wá, àwọn mìíràn ò sì ní gba kọ́bọ̀. Ẹ má fi ohun tí ọmọ yín bá sọ fún yín láti ọ̀hún wá bá ilé oúnjẹ ìbí jà. Ilé tó ń ta wáìnì ni tiwa.

Kí ẹ tó gbé ìgò kankan, ẹ kọ́kọ́ ṣírò. Ká ní ẹ ra wáìnì kan ní ₦15,000, ilé oúnjẹ sì ń ta òmíràn tó jọ ọ́ ní ₦40,000, kọ́kéèjì wọn sì jẹ́ ₦7,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦22,000, ẹ ti jèrè. Ká wá ní èyí tó jẹ́ ₦6,000 ní ṣọ́ọ̀bù lẹ rà, tí wọ́n ń ta tiwọn ní ₦12,000. Ẹ fi ₦7,000 kún ₦6,000, ó di ₦13,000: ẹ ti pàdánù, ẹ tún ru ẹrù wá láti ilé. Ẹ tún rántí VAT, tó ti wà ní 7.5% láti oṣù kejì ọdún 2020. Bí wọ́n bá ṣírò ó lórí kọ́kéèjì náà, ₦7,000 yẹn á di ₦7,525. Àwọn kan tún ń fi owó iṣẹ́ lé e. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má gbé wáìnì olówó pọ́ọ́kú lọ síbi tó ń gba kọ́kéèjì. Ìgò tó yẹ kí ẹ gbé ni èyí tó níyì, tàbí èyí tó ní ìtàn: èyí tí wọ́n fún yín lọ́jọ́ ìgbéyàwó, èyí tí ọmọ yín gbé bọ̀ láti òkè òkun, èyí tí wọn ò ní nílé oúnjẹ náà.

Ìyẹn mú mi dé ìlànà kan tí mi ò lè fojú fò: ẹ má gbé ohun tí wọ́n ń tà wọ ilé wọn. Ẹ wo ìwé oúnjẹ wọn. Bí orúkọ wáìnì yín bá wà níbẹ̀, ẹ fi tiyín sílẹ̀ sílé. Àwọn ilé kan á tilẹ̀ kọ̀ ọ́ tààrà, wọn ò sì ṣẹ̀.

Ohun tó kàn ni pé kí ẹ béèrè. Kì í ṣe géètìmáànù lẹ máa bi, kì í sì í ṣe agbáwo tó gbé fóònù. Agbáwo á ní "kò sí wàhálà" torí ó fẹ́ kí ẹ wá. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, ó sì dùn mí lẹ́yìn rẹ̀. Mánéjà ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, kó sì wà ní kíkọ. WhatsApp ti tó. Ohun tí mo máa ń bá àwọn oníbàárà mi kọ rèé:

"Ẹ káàsán o, mánéjà. A fẹ́ wá jẹun lọ́dọ̀ yín ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́rin, àwa mẹ́wàá. A fẹ́ gbé ìgò wáìnì mẹ́rin wá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ máa ń gbà á láàyè? Èló ni kọ́kéèjì lórí ìgò kan? Ṣé VAT ti wà nínú rẹ̀? Ìgò tí a ò bá ṣí, ṣé a máa san owó rẹ̀? Ṣé ẹ máa bá wa fi í sí fíríìjì? Ẹ ṣeun, a ń retí yín."

Ẹ wo bí ìbéèrè náà ṣe pọ̀ tó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló ti dá ìjà sílẹ̀ lójú mi. Bí wọ́n bá dáhùn, ẹ bi wọ́n bóyá mánéjà yẹn ló máa wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó gbà fún yín lọ́jọ́ Ajé lè máà sí níbẹ̀ ní Sátidé. Bí ẹ bá ti ní ìdáhùn rẹ̀ lórí fóònù, ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀rí.

Ẹ tún lè dúnàá dúrà, ìwọ̀sí kọ́ ni. Bí ẹ bá pọ̀, tí ẹ sì máa jẹun dáadáa, ẹ lè ní, "A máa ra ìgò méjì lọ́dọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí méjì tiwa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́." Mo ti rí ọ̀pọ̀ mánéjà tó gba èyí tayọ̀tayọ̀, nítorí pé ọjà rẹ̀ náà ń tà.

Iye ìgò ńkọ́? Mìlílítà 750 ló wà nínú ìgò wáìnì kan, ó ń kún ife márùn-ún. Ènìyàn mẹ́wàá, ife méjì méjì, ìgò mẹ́rin. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ gbé ife sókè kí ẹ gbàdúrà fún ọlọ́jọ́ ìbí ni, ìgò kan lè ká ènìyàn mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ẹ má gbé ìgò mẹ́wàá torí ojú ayé.

Ní ti ìgò fúnra rẹ̀, nọ́ńbà NAFDAC ni kí ẹ kọ́kọ́ wá lára rẹ̀, kí ẹ sì yẹra fún ìgò tó ti dúró pẹ́ lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, níbi tí oòrùn ọ̀sán ti ń bá a. Kọ́ọ̀kì, èèpo igi ni. Orílẹ̀-èdè Pọ́túgà ló ti ń wá jù. Igi náà á tó nǹkan bí ọdún 25 kí wọ́n tó kọ́kọ́ bó èèpo rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á máa fi ọdún 9 duró kí wọ́n tó tún bó o. Ohun tó pẹ́ báyẹn kó tó di kọ́ọ̀kì, ooru lè ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láàárín oṣù díẹ̀. Bí ìgò bá dúró lóòró nínú ooru, kọ́ọ̀kì á gbẹ, á máa rún sínú wáìnì. Nígbà náà, agbáwo lẹ máa bá wí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Oòrùn Ìbàdàn tún ń dúró dè yín lọ́nà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ wáìnì sínú búùtù ọkọ̀ láàárọ̀, kí ẹ lọ ìsìn, kí ẹ bá súnkẹrẹ fàkẹrẹ pàdé ní Mọ́kọ́lá, kí ẹ tó dé ilé oúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́. Mo ti gba ìgò lọ́wọ́ oníbàárà tó gbóná bí omi ìwẹ̀, kọ́ọ̀kì rẹ̀ ti yọ orí síta, wáìnì ti ń ṣàn sára ìwé rẹ̀. Kò sí yìnyín tó lè dá adùn irú ìyẹn padà. Ẹ gbé e sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín díẹ̀, nínú ọkọ̀ níbi tí ẹ̀yin fúnra yín jókòó sí. Wáìnì funfun àti èyí tó ń hó fẹ́ tutù gan-an. Pupa náà, ẹ má gbà gbọ́ pé bó ṣe wà nínú yàrá ló yẹ kí ẹ mu ún. Yàrá àwọn tó sọ bẹ́ẹ̀ tutù ju tiwa lọ. Ìwọ̀n 16 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló dára fún un. Ẹ jẹ́ kó wà nínú fíríìjì fún bí ìdajì wákàtí.

Bí ẹ bá dé, ẹ gbé ìgò fún agbáwo lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ tó jókòó. Ẹ má fi pamọ́ sínú báàgì tàbí sábẹ́ kúlà ìrẹsì. A máa ń rí i. Ojú á wá ti ẹni tó gbé e, ojú á ti ẹni tó rí i, mánéjà ò sì ní ṣàánú lórí owó mọ́. Bí ó bá jẹ́ èyí tó ń hó ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i. Agbára tó wà nínú ìgò yẹn pọ̀ ju ti inú táyà ọkọ̀ yín lọ, ó lè fọ́ ojú ènìyàn. Bí ẹ bá takú pé ẹ̀yin lẹ máa ṣí i, kó tutù dáadáa, ẹ má mì í, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹnu rẹ̀ kọjú síbi tí kò sí ènìyàn, ẹ di kọ́ọ̀kì mú gírí, kí ẹ sì máa yí ìgò, kì í ṣe kọ́ọ̀kì.

Gbọ̀ngàn ayẹyẹ ni ọ̀rọ̀ ti ń le jù, ibẹ̀ sì ni owó ń lọ sí jù. Níbẹ̀, kì í ṣe wáìnì nìkan. Àwọn kan ń gba kọ́kéèjì lórí kíréètì ọtí àti mínírà, àwọn kan lórí páálí omi pàápàá. Àwọn mìíràn á gba owó kan ṣoṣo fún gbogbo ohun mímu. Kí ẹ tó san dípósíìtì gbọ̀ngàn ni kí ẹ ka ìwé àdéhùn wọn títí dé ibi tí wọ́n fi lẹ́tà tó kéré jù kọ, torí pé lẹ́yìn tí ẹ bá ti sanwó, tí ẹ ti pín káàdì ìpè, agbára ti bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ìnáwó ọgọ́ta ọdún àǹtí mi ló kọ́ mi ní ìyókù. Páálí wáìnì méjì la gbé lọ, ìgò méjìlá méjìlá, mẹ́rìnlélógún. Kọ́kéèjì jẹ́ ₦1,500 lórí ìgò. Nígbà tí òde parí, ₦36,000 ni wọ́n kọ sínú bíìlì. Mo ní ìgò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré la ṣí. Wọ́n ní ẹni tó wà lẹ́nu géètì ti kọ mẹ́rìnlélógún sílẹ̀. Àǹtí mi ti fẹ́ san án kí ariwo má bàa sọ. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo wọ ẹ̀yìn, mo kó ìgò òfìfo jọ, mo kà á níwájú wọn: mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mẹ́sàn-án ṣì wà nínú páálí, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan ìdérí wọn. Ó di ₦22,500. Ká ní wọ́n ti kó ìgò òfìfo yẹn dànù ni, ₦13,500 ti bá a lọ.

Láti ọjọ́ náà, mo máa ń yan ẹnì kan tí kò ní jó, tí kò sì ní mutí, kó dúró ti ohun mímu. Bí ọkọ̀ bá ti wọlé, òun àti òṣìṣẹ́ gbọ̀ngàn á jọ kà á, wọ́n á jọ kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn méjèèjì á fọwọ́ sí i, á sì ya fọ́tò rẹ̀. Kọ́ọ̀kì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá yọ, inú ọ̀rá kan ló ń lọ. Ìgò òfìfo ò gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ títí a ó fi san owó. Ọmọ ìyá ni kí ẹ fi ṣe é, kì í ṣe ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́.

Bí bíìlì bá dé tí ẹ sì rí owó tí ẹ ò gbọ́ rí, ẹ má pariwo. Ẹ dìde, ẹ bá mánéjà ní káńtà, ẹ fi ọ̀rọ̀ WhatsApp yín hàn án. Òfin FCCPA ti ọdún 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, sọ pé kí olùtajà fi iye owó hàn kedere, kó má sì gbà ju iye tó fi hàn lọ. Àjọ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mú òfin náà ṣẹ, ló ń gbọ́ ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Ẹ gba risíìtì tí wọ́n kọ kọ́kéèjì sí lọ́tọ̀. Ìgbà tí mo ń ṣiṣẹ́, oníbàárà tó bá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní káńtà, mánéjà kì í fẹ́ kó bínú lọ.

Wáìnì tó bá kù nínú ìgò, tiyín ni. Ẹ ní kí wọ́n dá kọ́ọ̀kì padà, kí ẹ gbé e lọ́ọ̀ró, kó má dà sínú ọkọ̀. Nínú fíríìjì, pupa tàbí funfun á ṣì dára fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Èyí tó ń hó, ẹ mu ún tán lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ó sì ká mi lára. Nínú gbogbo kọ́kéèjì tí mo gbà lọ́wọ́ oníbàárà fún ọdún mọ́kànlá, kọ́bọ̀ kan ò kàn mí. Káńtà ló ń lọ. Agbáwo tó ṣí ìgò yín, tó gbọn yìnyín kúrò lára rẹ̀, tó dúró lẹ́yìn yín títí ẹ fi jó tán, owó oṣù rẹ̀ kò yí padà torí pé ẹ gbé wáìnì wá. Ẹ ya nǹkan sọ́tọ̀ fún un láti ilé. Ẹ má kọ ọ́ mọ́ bíìlì, ẹ má fi sórí tábìlì. Ẹ pè é, kí ẹ fi lé e lọ́wọ́.